Ẹ fẹ́ kó lọ sí aṣálẹ̀ Arizona? Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí omi ti ń wá

Ẹni tí òtútù àti ariwo Chicago bá ti sú, ilé tó wà ní aṣálẹ̀ ẹ̀bá Phoenix lè tètè wù ú. Ilẹ̀ gbalasa, kò sí sún kẹrẹ fà kẹrẹ, gbogbo àdúgbò pa rọ́rọ́. Omi wá ńkọ́?

Ẹ wo Rio Verde Foothills, lẹ́bàá ìlú Scottsdale. Ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ kò ní ẹ̀rọ omi. Tẹ́lẹ̀, táńkà ló ń gbé omi wá fún àwọn kan nínú wọn láti Scottsdale. Nígbà tí odò Colorado ń dínkù, Scottsdale dáwọ́ omi náà dúró lọ́jọ́ kìíní oṣù Kínní, ọdún 2023, torí àdúgbò náà kò sí lábẹ́ ìlú wọn. Àwọn kan ń gbe omi òjò fi ṣan ṣáláńgá.

Òfin ní kí ẹni tó bá pín ilẹ̀ sí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lágbègbè Phoenix fi hàn pé omi 100 ọdún wà. Làwọn kan bá ń pín in sí márùn-ún péré. Ọgbọ́n àyínìke nìyẹn o!

Torí náà, ẹ bi ẹni tó ń ta ilé: ṣé ẹ̀rọ omi ni, àbí kànga, àbí táńkà? Tó bá jẹ́ táńkà, ìlú wo ló ti ń pọn ọ́n, ìwé wo ló sì de ìlú náà?