Bí Ẹ̀rọ Agékoríko Ti Ṣe Di Ọmọ Àgbẹ̀dẹ ní Ìbàdàn

Bí a bá ti ojú ọjọ́ orí wò ó, ẹgbẹ́ ni ìlú Ìbàdàn àti ẹ̀rọ agékoríko, ẹ̀rọ onírin yẹn tí ènìyàn ń tọ̀ lẹ́yìn tí ó sì ń tì kiri orí pápá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun ni ó wà láàárín ilẹ̀ tí ó bí èkínní àti ilẹ̀ tí ó bí èkejì. Ní nǹkan bí ọdún 1829, lẹ́yìn tí ogun Òwu ti parí, tí àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá kò sì fẹ́ kí idà wọn sùn sínú àkọ̀, ni wọ́n fi etí ọ̀dàn ṣe ibùdó, tí ibùdó náà sì di Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé. Ní ọdún 1830 ni Edwin Budding, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan ní agbègbè Stroud, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ kan tí èrò rẹ̀ ti ilé iṣẹ́ aṣọ wá: ó ti rí bí wọ́n ti ń fi abẹ tí a tò yí irin róbótó ká fá irun ara aṣọ onírun àgùntàn kí ó lè jọ̀lọ̀, ó sì rò ó pé ohun tí ó fá irun aṣọ yóò fá irun ilẹ̀. Ọkùnrin yìí kan náà ni a gbà pé ó ṣe ọ̀kan nínú àwọn sípánà àkọ́kọ́ tí a lè fẹ ẹnu rẹ̀ tàbí kí a fún un pọ̀, àfi bí ẹni pé ó ti mọ̀ pé ọmọ tí òun bí sáyé yóò máa ṣàìsàn, tí ó sì wá oògùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó kú ní 1846.

Àjèjì yìí kò tètè dé ọ̀dọ̀ wa. Láti 1832 ni ilé iṣẹ́ Ransomes ní Ipswich ti gba àṣẹ láti máa ṣe é tà, agbára apá ènìyàn tàbí ti ẹṣin ni ó sì fi ń rìn jù títí di 1902, nígbà tí ilé iṣẹ́ náà gbé èyí tí ń lo ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù jáde. Nígbà náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti bá àwọn ìjòyè Ìbàdàn tọwọ́ bọ ìwé ní 1893, ọkọ̀ ojú irin ti ti Èkó dé ní 1901, àwọn òyìnbó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé wọn sí ibi tí ó jìnnà sí ariwo ìlú, ní Àgodi, ní Jẹ́ríkò àti ní Ìyágankú, níbi tí gbàgede koríko ti ya ilé kan nípa sí èkejì.

Ohun tí òyìnbó fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ yìí gan-an ni Yorùbá fi ń mọ ahoro. Ní Ọjà'ba, ní Bẹẹrẹ, ní ìsàlẹ̀ òkè Mápó àti ní Bẹ́yẹrúnká, níbi tí ògiri agbo ilé kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi èjìká kan ti èkejì, ilẹ̀ gbígbá ni ẹwà ojúlé. Ìró ìgbálẹ̀ ni ó ń ṣáájú ìró odó láàárọ̀, koríko tí ó bá sì hù lẹ́nu ọ̀nà, ejò ni a ń rò sí i, tàbí kí a ní baálé ilé ti kú, ilé ti dahoro. Wòléwòlé, tí jìnnìjìnnì rẹ̀ máa ń bo ojúlé gbogbo láyé àwọn baba wa, kì í ṣàì bá ẹni tí igbó hù sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ṣẹjọ́. Síbẹ̀, ìjọba kan náà tí ó rán wòléwòlé níṣẹ́ ni ó ń gbin koríko yí ilé àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ká, tí ó ń bomi rin ín, tí ó sì ń sanwó fún lébìrà pé kí ó máa fi àdá bẹ́ ẹ kí ó má baà ga ju kókósẹ̀ lọ. Àdá náà ni ẹlẹ́wọ̀n fi ń ṣiṣẹ́ ìjọba, òun náà ni ọmọ ilé ìwé fi ń san gbèsè ìwà àìgbọràn lọ́wọ́ tíṣà.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ koríko ń fẹ̀ sí i ju ohun tí àdá lè ká lọ. Ní 1948 ni a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀. Ní 1957 ni a ṣí ilé ìwòsàn UCH. Ní 1960 ni a ṣí pápá ìṣeré Liberty. Ní 1967 ni a dá IITA, ibi ìwádìí ọ̀gbìn, sílẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹpẹtẹ lọ́nà Mọ́níyà. Gbogbo wọn ni wọ́n ní pápá tí ojú kò lè tètè ká, gbogbo wọn ni wọ́n sì nílò ẹ̀rọ tí yóò máa tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ láti oṣù kẹrin tí òjò bá ti ń rọ̀ títí di ìgbà tí ọyẹ́ bá dé. Òyìnbó ni ó ni ẹ̀rọ. Ọmọ Ìbàdàn ni ó ń tì í. Bí ẹ̀rọ bá sì dákẹ́, tí ohun tí a ó fi rọ́pò èyí tí ó bàjẹ́ ṣì wà nínú ọkọ̀ lójú òkun, ẹni tí ń tì í ní láti wá ọgbọ́n dá, nítorí pé koríko kì í dúró de ọkọ̀. Ibi tí ìtàn yìí ti yà sí ọ̀nà àgbẹ̀dẹ nìyẹn.

Àwọn àgbà gbà pé nígbà tí àwọn òrìṣà ń ti ìsálọ́run bọ̀ wá sí ìsálayé, igbó kìjikìji dí wọn lọ́nà, àdá tí kì í ṣe ti irin sì ká kò lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ dán an wò, kí Ògún Lákáayé, Ọ̀ṣìn Imọlẹ̀, tó fa àdá irin yọ tí ó sì la ọ̀nà fún gbogbo wọn. Nítorí náà, iṣẹ́ Ògún ni gígé koríko kí ó tó di iṣẹ́ Budding. Àwọn ọmọ Ògún kò sì fi iṣẹ́ náà ṣeré. Ní 1904 ni a tẹ àkọsílẹ̀ C. V. Bellamy jáde, òyìnbó kan tí ó ń bá ìjọba Èkó ṣiṣẹ́, nípa bí wọ́n ti ń yọ́ irin láti inú òkúta nínú iléru amọ̀ ní Ọlá-Igbì lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Irin òyìnbó tí ọkọ̀ ń kó dé ni ó pa iná iléru bẹ́ẹ̀ kú níkẹyìn, ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ kò ti ìtorí rẹ̀ da ẹwìrì nù. Irin àlòkù ni ó yíjú sí, ó sì ń fi í rọ ọkọ́ àti àdá tí a ń tà ní Ọjà'ba.

Ní ti Ìbàdàn pàápàá, ìlú ogun, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ju ọkọ́ àti àdá lọ. Ní gbogbo ọdún tí ó kọjá kí ìjọba òyìnbó tó dé, àti ní pàtàkì ní àkókò ogun Kírìjì láti 1877 sí 1893, alágbẹ̀dẹ ni ó ń rọ idà tí ó sì ń tún ìbọn ṣe fún àwọn ọmọ ogun. Ẹni tí ó bá sì ti tú ìbọn ṣakabùlà palẹ̀ rí, tí ó tò ó padà, tí ó sì dún, kò ní ìdí láti bẹ̀rù ẹ́ńjìnnì kékeré, nítorí pé ìbátan ni wọ́n. Nínú ìbọn, òkúta a kan irin, iná a ta. Nínú ẹ́ńjìnnì, pọ́lọ́ọ̀gì ni ń ta iná náà. Nínú ìbọn, ẹ̀tù ni ó ń gbiná. Nínú ẹ́ńjìnnì, bẹntiróòlù tí ó ti bá afẹ́fẹ́ pò ni. Nínú ìbọn, agbára iná a ti ọta jáde, ó di gbére. Nínú ẹ́ńjìnnì, písítìnì ni ó ń tì, irin tí a so mọ́ ọn a sì fà á padà kí ó lè tún lọ, ìlọ àti ìbọ̀ yìí ni ó sì ń yí abẹ tí ń gé koríko. Ohun tí ọmọ alágbẹ̀dẹ kò mọ̀ nínú ẹ̀rọ yìí kò tó nǹkan. Ohun tí ó ti mọ̀ ni ó pọ̀.

Bí iṣẹ́ náà ti ṣe wá di iṣẹ́ tí ènìyàn fi ń jẹun, gbàǹjo ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí àwọn òyìnbó ìjọba ti ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ nígbà òmìnira àti lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí wọn kò lè kó lọ a bọ́ sí gbàǹjo, ẹ̀rọ agékoríko a sì wà láàárín àga, fíríìjì àti kẹ̀kẹ́. Ìlú tí ó rà wọ́n kì í ṣe ìlú tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀: ní 1961, nígbà tí Archibald Callaway, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ka àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tí ó wà ní Ìbàdàn, ó lé ní 5,000 tí ó bá, láti orí télọ̀ dé orí mẹkáníìkì. Lẹ́yìn náà ni iná mànàmáná di ohun tí a kò lè gbọ́kàn lé, tí jẹnẹrétọ̀ kékeré sì wọ ọ̀pọ̀ ojúlé, tí ọ̀dọ́ tí ń tún un ṣe sì rí i pé ẹ́ńjìnnì tí ó jọ ọ́ ni ó wà lórí ẹ̀rọ ìlọta àti lórí ẹ̀rọ agékoríko. Nígbà tí ó sì di 1986, tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí já wálẹ̀ lójú owó òkèèrè, ẹ̀rọ tuntun di ohun tí apá ilé ìwé àti ilé ìjọsìn kò ká mọ́, tòkunbọ̀ gba ọjà, àtúnṣe sì di ọ̀ranyàn. Láti ìgbà náà, àgbàlagbà ẹ̀rọ tí a bá gbé sọ̀kalẹ̀ lórí ọmọlanke lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé kì í ṣe ohun ìyanu mọ́.

Iṣẹ́ náà ní ètò. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ ni pé kí ó yọ wáyà kúrò lórí pọ́lọ́ọ̀gì kí ó tó nawọ́ sí abẹ, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tí a rò pé ó ti kú lè jí lójijì, ìka tí ó bá sì gé kò ṣeé rà ní Ararọ̀mí ní Géètì, níbi tí a ti ń ra ohun èlò ọkọ̀ gbogbo. Lẹ́yìn èyí, a ó da epo tó ti pẹ́ nínú táńkì nù, nítorí pé bẹntiróòlù tí ó bá sùn síbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ a máa dì, a sì di àwọn ihò kábúrétọ̀ tí kò fẹ̀ ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a fà yọ lára okùn ìjánu kẹ̀kẹ́ ni a fi ń là wọ́n, pẹ̀lú sùúrù, nítorí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó bá fi ìṣó gún un ti fẹ ihò tí ilé iṣẹ́ fi ìwọ̀n dá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yóò sì máa mu epo kọjá ààlà.

Àdììtú kan wà tí ó máa ń ya ọ̀gá sọ́tọ̀ lára ẹni tí ń ṣe àfojúdá. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan ni ó ń di fíláwíìlì mú mọ́ ọ̀pá tí ń yí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, irin rírọ̀ ni ẹni tí ó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣe é, kí ó lè jẹ́ pé bí abẹ bá kọlu òkúta tàbí gbòǹgbò, òun ni yóò gé, ọ̀pá tí owó rẹ̀ pọ̀ yóò sì yè. Bí ó bá ti yẹ̀ díẹ̀, iná kì í ta lákòókò mọ́. Ẹni tí kò mọ̀ a pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, a tú kábúrétọ̀, a fa okùn títí apá rẹ̀ yóò fi ro ó. Ẹni tí ó mọ̀ a ṣí fíláwíìlì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ alágbẹ̀dẹ tí ó gbọ́n kò sì ní fi irin líle dípò rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé rírọ irin líle kò ṣòro fún un, nítorí ó mọ̀ pé irin yìí ni ó ń fi ara rẹ̀ rúbọ fún ìyókù.

Orí abẹ ni iṣẹ́ baba ti wá hàn gbangba. Irú ẹ̀rọ méjì ni ó wà: ti ayé Budding, tí abẹ rẹ̀ ń yí lé irin kan tí kò mira, tí ó sì ń ké koríko láàárín wọn, àti èyí tí abẹ rẹ̀ kan ń fò yí po nísàlẹ̀ pánù, tí ó ń bẹ́ koríko, irú èyí tí Mervyn Victor Richardson fi orúkọ Victa tà ní Sydney, ní Ọsirélíà, láti 1952. Èkejì yìí ni alágbẹ̀dẹ fẹ́ràn, nítorí ọmọ ìyá àdá ni. Ó lè fi iná nà án bí ó bá wọ́, ó lè fi ayùn pọ́n ọn, ṣùgbọ́n kò tíì parí: yóò fi ihò àárín abẹ kọ́ orí ìṣó, apá tí ó bá tẹ̀ sílẹ̀ ni ó wúwo jù, òun ni a ó sì tún yún títí apá méjèèjì yóò fi dúró gbọọrọ. Abẹ tí kò bá dọ́gba yóò máa gbọn ẹ̀rọ jìgìjìgì, yóò sì ba ọ̀pá ẹ́ńjìnnì jẹ́. Pánù ìsàlẹ̀ tí koríko tútù ti jẹ, wẹ́dà ni ó ni ín. Àwọn àgbà ni wọ́n sọ pé alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.

Nínú agbo ilé ni gbogbo èyí ń lọ, lábẹ́ ìbòòji páànù tí ó ti pọ́n, láàárín ẹni tí ń din àkàrà àti ọmọdé tí ń ti ilé kéú bọ̀. Ọmọ iṣẹ́ a wá pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀, wọ́n a bá ọ̀gá fohùn ṣọ̀kan, ní ọjọ́ tí ó bá sì gba fíríìdọ̀mù, àdúrà àti ìjẹun a wà. Ẹni tí ó bá mọ àṣà kì í kí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ní “ẹ kú iṣẹ́” lásán. “Àrọyè o” ni a ń kí ẹni tí ń bá irin ṣiṣẹ́, ìdáhùn rẹ̀ sì ni pé Ògún yóò gbè wá.

Ìbàdàn kì í gbe onílé bí ó ti ń gbe àjèjì, àwọn baba wa ni ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ èyí tí yóò gbà lọ́wọ́ àjèjì. Títí di òní, kò sí pápá koríko ní ojúlé Ọjà'ba tàbí ti Bẹ́yẹrúnká, ilẹ̀ gbígbá ni ẹwà ibẹ̀ síbẹ̀. Ìlú náà fi koríko sílẹ̀ fún Jẹ́ríkò, ó sì gba ẹ̀rọ rẹ̀ wọlé, nítorí pé irin ni. Ẹni tí ó bá ní ògbólógbòó rẹ̀ lẹ́yìn ilé, kí ó má tíì tà á fún àwọn tí ń ra páànù àlòkù. Bọ́ọ̀tì àti nọ́ọ̀tì ni a fi kan án pọ̀, ohun tí a fi bọ́ọ̀tì kàn ṣeé tú, ohun tí ó ṣeé tú ṣeé tún ṣe. Àwọn èyí tí ń lo bátìrì ti ń dé báyìí, wọn kò mu bẹntiróòlù, wọn kò sì ní kábúrétọ̀ tí a ó là, ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ máa tún wọn ṣe ní láti kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n abẹ ni wọ́n ṣì ń fi gé koríko, abẹ a máa kú, abẹ tí ó bá sì kú, ọ̀nà àgbẹ̀dẹ ni.