Ilẹ̀ Tí A Kò Kọ́lé Sí

Ẹ̀yin ará, ó lè yà yín lẹ́nu pé ilẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ ogun a máa dá ẹ̀mí ẹranko sí. Ní ọdún 1897 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra pápá Salisbury fún àwọn ọmọ ogun. Ìbọn ń dún níbẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú pápá náà ni a kò kọ́lé sí, tí a kò sì tú. Nítorí náà koríko àtijọ́ kò run. Ní ọdún 2004 ni a tú ẹyẹ ńlá tí à ń pè ní bustard sílẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti parẹ́ ní England fún ohun tí ó lé ní 150 ọdún. Kì í ṣe ìbọn ni ó ṣe èyí, bí kò ṣe òfin tí ó dá akọ́lé dúró.

Ní Lẹ́kkí tiwa, ọgbà ni ó ń ṣe iṣẹ́ òfin náà. Ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ni ó dá ọgbà hẹ́kítà 78 yìí sílẹ̀ ní 1990. Ọ̀bọ, ọ̀nì àti ejò ń gbé inú irà rẹ̀, bí ilé tilẹ̀ ti kún ojú ọ̀nà títí dé Ajah.

Irà a máa mu omi òjò. Bí a bá fi yanrìn dí i, omi a wá wa wá sínú ilé. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ń ra ilẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí omi àti ẹranko yóò gbà. Nóà kan odindi ọkọ̀ fún wọn; ṣé àwa kò lè dá ilẹ̀ díẹ̀ sí?