Bí Fìlà Ṣe Dé Orí Òjìji Mẹ́sàn-án

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo jókòó ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi níbi tó ti ń gbá géèmù ìbọn tí wọ́n ń pè ní Team Fortress 2 lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo rí i tó dédé fi ẹ̀yìn rìn, tó sáré wọ yàrá kan, tó sì lúgọ sẹ́yìn ògiri, bẹ́ẹ̀ ohun tí ojú tèmi rí kò ju òjìji kan tó ré ẹnu ọ̀nà kọjá lọ́ọ̀ọ́kán lọ. Mo bi í pé kí ló ń lé e. Ó ní, “Bùrọ̀dá, Heavy ló ń bọ̀ yẹn. Ṣé ẹ ò rí bí èjìká ẹ̀ ṣe fẹ̀ ni?” Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí ọkùnrin fìrìgbọ̀n náà fi yọ, ìbọn tó tóbi bí ẹ̀rọ inú ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń da ọta sílẹ̀ bí òjò. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, kí a sọ pé a rí erin. Ọmọ náà rí erin, ó sì pè é ní erin kí erin tó tẹ̀ ẹ́ pa. Ṣùgbọ́n kí ojú ọmọdé tó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí a tó ṣẹ́jú, àwọn ayàwòrán kan ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó tì í. Ìtàn bí wọ́n ṣe ṣe é, àti bí iléeṣẹ́ wọn ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú díẹ̀ nínú rẹ̀, ni mo fẹ́ sọ.

Ọdún 1996 ni ọ̀rọ̀ náà ti ta gbòǹgbò. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ará Ọsirélíà, Robin Walker, John Cook àti Ian Caughley, mú géèmù Quake tó gbòde nígbà náà, wọ́n sì kọ́ tiwọn lé e lórí bí ìgbà tí ènìyàn gba àyè lọ́wọ́ onílé, tó wá fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ilé náà. Nínú Quake, bákan náà ni gbogbo ayìnbọn rí. Nínú Team Fortress tiwọn, olúkúlùkù ní iṣẹ́ tirẹ̀, ẹni tó yára kò lágbára, ẹni tó lágbára kò yára, oníṣègùn ń tọ́jú ọgbẹ́, amí sì ń yọ́ rìn. Àléébù ibẹ̀ ni pé ara kan ṣoṣo tí Quake ní ni gbogbo wọn gbé wọ̀, àwọ̀ tí wọ́n fi kùn ún nìkan ló yàtọ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó wà lókèèrè kò rí nǹkan púpọ̀ dì mú láti mọ̀ bóyá oníṣègùn ló ń bọ̀ tàbí ikú. Iléeṣẹ́ Valve ní Amẹ́ríkà gba Walker àti Cook síṣẹ́ ní 1998, wọ́n sì dáwọ́ lé ìkejì. Ní 1999 wọ́n fi ohun tí wọ́n ti ṣe han aráyé: ogun gidi ni, sójà nínú aṣọ sójà, gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ eruku àti ewé. Lẹ́yìn èyí, kẹ́kẹ́ pa. Ọdún ń gorí ọdún, àwọn tó ń retí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé, àfi ìgbà tó di 2006 tí ó tún yọjú, tí kò sì sí sójà kankan nínú rẹ̀ tó jọ ti àkọ́kọ́ mọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2007 ni ó wá bọ́ sọ́wọ́ àwọn eléré.

Ní ọdún kan náà, mẹ́ta nínú àwọn tó ṣe é, Jason Mitchell, Moby Francke àti Dhabih Eng, kọ àlàyé iṣẹ́ wọn sílẹ̀, ohun tó sì wú mi lórí jù nínú rẹ̀ ni pé ojú ẹni tó ń wò ni wọ́n kọ́kọ́ rò kí wọ́n tó ro ẹwà. Wọ́n ní ohun àkọ́kọ́ tí ojú gbọ́dọ̀ kà ni ọ̀rẹ́ tàbí ọ̀tá, èyí sì ni iṣẹ́ àwọ̀, pupa fún ikọ̀ kan, búlúù fún èkejì. Lẹ́yìn náà ni ojú yóò mọ irú ẹni tó ń bọ̀, èyí sì ni iṣẹ́ òjìji ara, pé bí a bá tilẹ̀ fi ẹ̀yìn gbogbo wọn ti oòrùn kí wọ́n dúdú bí èédú, kí a ṣì lè pe olúkúlùkù lórúkọ. Ìbọn tó gbé lọ́wọ́ ni ó gbẹ̀yìn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe dá mẹ́sàn-án tí kò sí èyí tó jọ èkejì: Heavy ará Rọ́ṣíà, òkè tí ń rìn, a-yà-gbàràgàdà-bí-àgánrándì, Scout, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá, a-sáré-bí-ẹtu, Engineer ará Texas pẹ̀lú akoto lórí, Pyro tó fi aṣọ bora láti orí dé ẹsẹ̀ bí ará ọ̀run, tí ẹnikẹ́ni kò rí ojú rẹ̀ rí, Demoman, adúláwọ̀ ará Scotland olójú kan, àti àwọn yòókù wọn. Èyí kì í ṣe fàájì lásán. Ẹ̀mí Heavy jẹ́ 300, ti Scout jẹ́ 125. Ẹni tó bá ṣi ọ̀kan mú fún èkejì ti ja ìjà tí kò yẹ kó jà.

Ẹ jẹ́ kí a mú Heavy yìí kan náà súnmọ́ ojú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn, bàtà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ mọ́ ilẹ̀. Bí ojú bá ṣe ń gòkè ni àwọ̀ ń mọ́lẹ̀ sí i, títí dé igbá àyà níbi tí ó gbé ìbọn dání, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ti yàtọ̀ síra jù lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí ojú ẹni tó ń wò ó balẹ̀ sí. Ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kan sì yí etí èjìká àti orí rẹ̀ ká, bí oòrùn àṣálẹ́ ṣe máa ń yí etí igi ìrókò ká, kí ara rẹ̀ má baà wọnú ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ J.C. Leyendecker ni wọ́n ti kọ́ èyí, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan tí orúkọ rẹ̀ ròkè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá nítorí àwòrán èèpo ẹ̀yìn ìwé ìròyìn àti ìpolówó kọ́là ẹ̀wù. Wọ́n sì wo iṣẹ́ Dean Cornwell àti Norman Rockwell pẹ̀lú. Ẹni tó ń ya àwòrán fún ẹni tó ń kọjá lọ lójú pópó mọ̀ pé ìwò ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò rí gbà, irú ojú bẹ́ẹ̀ náà ni ayìnbọn sì ń lò.

Ó dín díẹ̀ ní ọdún méjì tí wọ́n fi jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2009, fìlà wọ̀lú.

Mẹ́sàn-án ni wọ́n, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: akoto agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún Heavy, akoto awakùsà tó ní iná níwájú fún Engineer, fìlà kékeré tó ní abẹ̀bẹ̀ lókè fún Pyro, irun àfúrò gìrìgìrì fún Demoman. Wọn kì í tà wọ́n. Ṣe ni wọ́n máa ń já bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí orí bá yàn, wọ́n sì ṣọ̀wọ́n bí ojú. Mo gbà pé ọwọ́ ayàwòrán ṣì wà nínú àwọn fìlà mẹ́sàn-án yẹn, nítorí pé inú ìwà ẹni tó ni ín ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde, kò sì sí èyí tó purọ́ fún ojú. Ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí ni fìlà tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lè dé ti dé pẹ̀lú, àti láti ọjọ́ náà ni orí ti yọ ara rẹ̀ kúrò lára ohun tí ojú fi ń mọ ènìyàn.

Lẹ́yìn náà ni owó wọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, Valve ṣí ìsọ̀ sínú géèmù náà: fìlà ń bẹ fún títà, eléré lè bá eléré pààrọ̀ ẹrù, àpótí títì ń já bọ́ fún ni lọ́fẹ̀ẹ́, kọ́kọ́rọ́ tí a ó fi ṣí i sì jẹ́ dọ́là 2.49. Àwọn fìlà kan wà nínú àpótí náà tí iná ń jó lórí wọn tàbí tí èéfín ń rú, ọ̀dà sì wà tí ènìyàn lè fi kun fìlà rẹ̀ ní àwọ̀ tí kì í ṣe pupa, tí kì í ṣe búlúù. Àwọn eléré fúnra wọn ń rán fìlà tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe wá, wọ́n sì ń gba ìdá kan nínú mẹ́rin owó rẹ̀. Èyí kò burú, ó sọ ọ̀pọ̀ ọmọ di oníṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún 2011, wọ́n sọ géèmù náà di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé, láti ìgbà náà ni ó sì ti jẹ́ pé ara ohun tí àwọn eléré ń rà sára ni géèmù ti ń jẹun, kò sì sí alágbàtà kan tí ọjà fìlà ń bọ́ tí yóò sọ pé orí ti kún tó.

N kò dá ẹni tó fẹ́ fìlà lẹ́bi. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, kò sì sí ọmọ ènìyàn tí yóò wọ àárín ogún ènìyàn tí a ya bákan náà tí kò ní wá bí a ó ṣe dá òun mọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé nínú irú eré yìí, ara tí mo gbé wọ̀ kì í ṣe tèmi nìkan. Ìròyìn ni ó jẹ́ fún gbogbo ẹni tó bá rí mi, ọ̀rẹ́ tó fẹ́ mọ ibi tí yóò ti rí oníṣègùn àti ọ̀tá tó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun sá. Bí mo bá ra ẹ̀wù tó bo ìròyìn yẹn mọ́lẹ̀, owó mi ni mo san, ṣùgbọ́n ojú ẹlòmíràn ni mo fọ́. Ẹni tó rà á pàápàá kì í lọ láìjìyà: Sniper tó lúgọ sẹ́yìn fèrèsé, tí iná ń jó lórí fìlà rẹ̀ ní òkè ògiri, ti pe ikú wá bá ara rẹ̀.

Valve kan náà rí ọ̀nà mìíràn nínú Counter-Strike, géèmù ìbọn wọn mìíràn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọ̀ tuntun tí àwọn eléré ń pè ní skin níbẹ̀, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013, ara ìbọn ni wọ́n fi í sí, wọn kò fi kan ara ènìyàn. Ìbọn náà kún ojú ẹni tó gbé e dání, òun ló ń jẹ ìgbádùn rẹ̀ jù. Ọ̀tá tó wà lókèèrè kò pàdánù ohun kan, nítorí ìrísí ìbọn kò yí padà. Èyí ni mo rò pé ó tọ́. Kí a sì rántí pé nǹkan tí ojú ní láti mọ̀ lára ènìyàn níbẹ̀ kò tilẹ̀ pọ̀, ikọ̀ méjì péré ni. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n wá ta ara ènìyàn fúnra rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ariwo sọ, àwọn eléré ń ké pé àwọn kan ń wọ aṣọ tó ń bá òkùnkùn àti ewé dọ́gba.

Ní Team Fortress 2, ohun tó kù tí wọn kò tà ni ìdúró, ìrìn, ohùn àti títóbi ara, mo sì dúpẹ́ fún un. Heavy ṣì ń rìn bí Heavy, bí a tilẹ̀ kó nǹkan ọ̀ṣọ́ mẹ́ta lé e lọ́wọ́ kan náà, ìrìn àti títóbi ara yẹn ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi mọ̀ ọ́n ní ìrọ̀lẹ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n amí náà wà níbẹ̀, Spy, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé ara ọ̀tá wọ̀ kó lè gún un lẹ́yìn. Bí ó bá sì ti gbé ara ẹnì kan wọ̀, géèmù náà yóò fún un ní orúkọ ẹni náà, yóò sì dé fìlà ẹni náà fún un. Kí n tó dìde lọ́jọ́ náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣàdédé dúró, ó tẹjú mọ́ ẹnì kan tó ń rìn bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ wò ó, fìlà mi nìyẹn.” Orúkọ tirẹ̀ gan-an ló wà lórí ẹni náà. Ó yìnbọn sí i.