Fíìmù Àyálò Nínú Ilé Ìkàwé Yunifásítì

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, fíìmù Dahomey tí Mati Diop ṣe gba Béárì Oníwúrà, ẹ̀bùn tó ga jù lọ níbi àjọ̀dún fíìmù ìlú Berlin. Ọ̀rọ̀ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 tí ilẹ̀ Faransé dá padà fún Benin ní 2021 ló dá lé. Ibi tó dùn jù níbẹ̀ ni ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Abomey-Calavi ti ń jiyàn: ṣé ó yẹ kí ènìyàn máa dúpẹ́ lórí 26, nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣì kù lọ́hùn-ún?

Ká sọ pé olùkọ́ ìtàn kan ní Yunifásítì Parakou ní Benin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2001, fẹ́ kí kíláàsì rẹ̀ wo fíìmù yìí kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ìṣẹ́jú 68 péré ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá sí àdúgbò Banikanni ní fóònù lọ́wọ́. Lójú tirẹ̀, kò sí ìṣòro. Ó wá ku ẹni tó máa gba àṣẹ, ẹni tó máa sanwó àṣẹ, àti ẹni tí dátà rẹ̀ máa bá a lọ.

Iṣẹ́ ilé ìkàwé ni, kò sì rọrùn. Ìwé tí ilé ìkàwé bá rà ti di tirẹ̀. Ó lè fi yá ẹgbẹ̀rún ènìyàn títí ewé rẹ̀ á fi já. Fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀: àṣẹ ọdún kan tàbí ọdún mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń tà. Bí ọjọ́ bá pé tí owó tuntun kò sí, fíìmù á kúrò nílẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ọ̀la ni ìdánwò.

Àwọn kan á ní ṣebí Netflix wà. Fíìmù Elesin Oba, tí Biyi Bandele ṣe láti inú eré Wọlé Ṣóyínká, wà níbẹ̀ láti 2022, olùkọ́ lítíréṣọ̀ wo ni kò sì ní fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wò ó? Ṣùgbọ́n ènìyàn àti agbo ilé rẹ̀ ni Netflix ń tajà fún. Kò ní àkáǹtì tí ilé ìkàwé lè rà. Ó gbà kí ilé ẹ̀kọ́ fi díẹ̀ nínú àwọn fíìmù rẹ̀ tó dá lórí ìṣẹ̀lẹ̀ gidi han kíláàsì lẹ́ẹ̀kan. Fíìmù eré kò sí lára wọn.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n dìídì dá sílẹ̀ fún ilé ìkàwé wà. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Kanopy, tí Olivia Humphrey dá sílẹ̀ ní ìlú Perth, Ọsirélíà, ní 2008. Ètò rẹ̀ dùn létí: gbogbo fíìmù wà ní ṣíṣí fún akẹ́kọ̀ọ́, ilé ìkàwé kò sì ní sanwó àfi bí ènìyàn bá wò ó. Ìgbà mẹ́ta péré tí wọ́n bá ti wo fíìmù kan ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ, owó àṣẹ ọdún kan, nǹkan bí 150 dọ́là ní 2019, ti jáde. Ẹ wo kíláàsì tó kún, olùkọ́ tó fẹ́ràn fíìmù, àti akẹ́kọ̀ọ́ tó kàn ń tẹ ibi tó rí. Nígbà tó fi máa di 2019, Yunifásítì Stanford, tí kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ tálákà rárá, ti fi ààlà sí i. Lọ́dún yẹn kan náà ni àwọn ilé ìkàwé ìjọba ìlú New York kúrò níbẹ̀ pátápátá.

Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n kúkú da DVD tí wọ́n ti rà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà dán an wò, àwọn tó ń ta fíìmù ẹ̀kọ́ sì pè é lẹ́jọ́ ní 2010. Adájọ́ da ẹjọ́ náà nù lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ ìdájọ́ rẹ̀ kò ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé. Benin ní òfin tirẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà láti 2006, àjọ BUBEDRA ló sì ń bójú tó o.

Dátà ńkọ́? Fíìmù wákàtí kan tí àwòrán rẹ̀ mọ́ níwọ̀nba lè jẹ tó gígábáìtì kan. Bí igba akẹ́kọ̀ọ́ bá wo Dahomey lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù, ó ti lé ní igba gígábáìtì, fíìmù kan náà tó ń ti òkè òkun bọ̀ nígbà igba, lówó àpò àwọn tí kò lówó. Fún ìlú bíi Parakou, ètò òyìnbó yìí kò bójú mu. Ohun tó yẹ ní rírà ni fíìmù fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ láti fi í pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà ńlá kan nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa wò ó lórí Wi-Fi ọgbà láìná kọ́bọ̀. Àwọn olùtajà kan ń ta irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fún ilé ìkàwé.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ àwọn fíìmù tiwa. Porto-Novo ni wọ́n bí Paulin Soumanou Vieyra sí ní 1925, òun náà ló wà lára àwọn tó ṣe fíìmù Afrique-sur-Seine ní 1955. Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà ni àkójọ iṣẹ́ rẹ̀ wà báyìí. Cinémathèque Afrique, tí ilẹ̀ Faransé dá sílẹ̀ ní 1961, ń yá àwọn ènìyàn ní fíìmù Áfíríkà láti fi hàn nínú gbọ̀ngàn, àmọ́ alẹ́ ọjọ́ kan nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ tún ibì kan wò lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó kọ iṣẹ́ rẹ̀ kò rí tirẹ̀ níbẹ̀.

Fíìmù Àbẹ̀ní sún mọ́lé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Túndé Kèlání ló darí rẹ̀ ní 2006, òun àti Laha Productions ti Amzat Abdel Hakim ní ilẹ̀ Benin ni wọ́n jọ gbé e jáde, ìtàn olólùfẹ́ méjì láàárín Èkó àti Kútọnu. Èdè Yorùbá àti Faransé ló wà nínú rẹ̀. Ilé ìkàwé tó bá fẹ́ ẹ kò nílò olùtajà kankan láti Amẹ́ríkà: lẹ́tà sí àwọn tó ni ín ti tó, kí ó sọ iye akẹ́kọ̀ọ́, iye ọdún, orí kọ̀ǹpútà tí fíìmù máa wà, ẹni tó máa ní ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, àti iye tí ilé ìkàwé lè san ní fráǹkì.