ÒṢÙWỌ̀N ỌRỌ̀ ORÍLẸ̀-ÈDÈ: BÁWO NI A ṢE LÈ FI Ọ̀KAN WÉ ÈKEJÌ?

  

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń jiyàn lé lórí lẹ́yìn ìrun. Ẹnì kan á ní Nàìjíríà ni ó lówó jù ní Áfíríkà. Ẹlòmíràn á ní irọ́ ni, pé a ti di ẹni ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ wa ń gbọ́ ọ, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti torí rẹ̀ sọ ìrètí nù lórí ilẹ̀ bàbá wọn. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń wọn ọrọ̀ orílẹ̀-èdè, kí a má baà gbéraga lásán, kí a má sì sọ ìrètí nù lásán.

Kí ni wọ́n ń wọ̀n?

Òṣùwọ̀n méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni GDP, èyí tí í ṣe iye gbogbo ohun tí a ṣe àti iṣẹ́ tí a jẹ́ nínú ilẹ̀ Nàìjíríà láàrin ọdún kan, ẹni yòówù kí ó ni ín. Èkejì ni GNI, èyí tí í ṣe owó tí ó jẹ́ ti àwa tí a ń gbé ilẹ̀ yìí gan-an. Láti rí i, wọ́n á yọ èrè tí àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè ń kó lọ sílé wọn àti èlé orí gbèsè òkèèrè. Wọ́n á sì fi èrè tí ó ń wọlé fún wa láti òkè òkun kún un. Ẹ kíyè sí i pé owó tí ọmọ yín tí ó ti di ará London ń fi ránṣẹ́ kò sí nínú GNI. Ẹ̀bùn ni wọ́n kà á sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó ń sanwó ilé-ìwé ọ̀pọ̀ ọmọ.

Bí ìṣirò ṣe ń yí padà

Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, àjọ tí ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ tún GDP wa ṣe. Iye ọjà ọdún 1990 ni wọ́n ti ń lò bọ̀, wọ́n sì yí i sí ti 2010. Ní 1990, kò sí fóònù GSM, 2001 ni ó dé. Ìṣirò àtijọ́ kò ríbi fi irú iṣẹ́ tuntun bẹ́ẹ̀ sí dáadáa. Nígbà tí wọ́n tún un kà, GDP ọdún 2013 fò láti tírílíọ̀nù náírà 42.4 sí 80.2, èyí tí ó tó bílíọ̀nù dọ́là 510. A sì ré Gúúsù Áfíríkà kọjá. Ṣé ọbẹ̀ kún sí i nínú ìkòkò ẹnikẹ́ni ní alẹ́ ọjọ́ náà? Rárá o. Ohun tí ó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kà.

Ní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n fi iye ọjà 2019 ṣe ìpìlẹ̀. GDP ọdún 2024 jẹ́ tírílíọ̀nù náírà 372.8. Bí a bá fi náírà wò ó, ó lé ní ìlọ́po mẹ́rin ti 2013. Bí a bá fi dọ́là wò ó, nǹkan bí bílíọ̀nù 243 ni, kò tó ìdajì ti 2013. Ọ̀kan ní a ti là, èkejì ní a ti tòṣì. Kò sí èyí tí ó tó gbà gbọ́ ní òun nìkan. Ọ̀wọ́n ọjà ni ó wú ti náírà. Ti dọ́là sì rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó náírà 500 ní báńkì, ṣùgbọ́n kí 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500.

Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń gbà

Èkíní, wọ́n máa ń yọ ọ̀wọ́n ọjà kúrò. Bí atẹ̀wé kan ní Ṣómólú bá tẹ ẹgbẹ̀rún ìwé lésìí, tí ó tún tẹ ẹgbẹ̀rún lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n tí bébà ti gbówó lórí, owó tí ó gbà pọ̀ sí i, ìwé tí ó tẹ̀ kò pọ̀ sí i.

Èkejì, Báńkì Àgbáyé kì í fi iye dọ́là ọdún kan ṣoṣo ṣírò GNI. Ó máa ń pa ti ọdún mẹ́ta pọ̀ wá àárín rẹ̀, kí ìṣubú owó lójijì má baà da gbogbo rẹ̀ rú.

Ẹ̀kẹta, wọ́n máa ń wo ohun tí owó lè rà. Orí kan náà ni onígbàjámọ̀ ń gẹ̀ ní Bàríga àti ní London, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ jìnnà síra. Bí a bá kàn ṣẹ́ owó ti Bàríga sí dọ́là, iṣẹ́ rẹ̀ á dà bí ohun tí kò tó nǹkan.

Ẹ̀kẹrin, wọ́n á fi iye ènìyàn pín in. Ìkànìyàn 1991 fi nǹkan bí mílíọ̀nù 89 hàn, ti 2006 sì fi mílíọ̀nù 140 hàn. Láti ìgbà náà, ìfojúdá ni iye tí a fi ń pín in. Pẹ̀lú ìyẹn náà, apẹja Ìlàjẹ létí ọ̀sà Bàríga àti ọlọ́rọ̀ Ìkòyí ni a dà pọ̀ sínú agbada kan. Ìṣirò náà kò sọ ẹni tí ó jẹ ẹ́.

Ohun tí ẹ̀sìn ti kọ́ wa

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Wúrà tí ó wọ̀n tó dínárì 20, nǹkan bí gíráàmù 85, ni òdiwọ̀n sàká wúrà. Kò sí àlùfáà tí yóò sọ pé iye náírà tí ó pé òdiwọ̀n náà ní 1995 ṣì pé e lónìí. Ìwọ̀n wúrà ni ó dúró, náírà ni ó ń yí. Súrà kan gbáko sì sọ̀kalẹ̀ nípa àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù lọ́jà. Ẹni tí ó ń fi òṣùwọ̀n méjì sọ̀rọ̀ nípa orílẹ̀-èdè kí ó bẹ̀rù irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kọ́ ìṣirò bí ẹ ṣe ń kọ́ Al-Kùránì. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé orílẹ̀-èdè kan la ju òmíràn lọ, ẹ bi í pé: owó wo ni o fi wọ̀n ọ́n? Iye ọjà ọdún wo ni? Ènìyàn mélòó ni o fi pín in? Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi iyàn òde ba ọkàn ọmọ yín jẹ́. Kí Allah fi bùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí Ó sì fi wá ṣe ẹni tí ń wọn nǹkan pé. Àmín.