Yínrùnyínrùn ní Sókótó àti abẹ́rẹ́ ẹyọ kan tó ti Zaria wá

Lásìkò ọyẹ́ àti ooru tó ń tẹ̀ lé e ni yínrùnyínrùn, tí àwọn ará Sókótó ń pè ní sankarau, máa ń jà jù. Kòkòrò àrùn ló ń wọ inú awọ tó bo ọpọlọ àti mùdùnmúdùn ẹ̀yìn. Ibà á dé lójijì, orí á máa fọ́ ọmọ, ọrùn á gan, kò ní fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀. Ti ọmọ ọwọ́ yàtọ̀. Ọrùn rẹ̀ lè má gan rárá. Ẹkún tí kò ṣeé rẹ̀, ọmú tí kò fẹ́ mu àti àwújẹ̀ tó wú ni ìyá rẹ̀ máa rí. Dókítà á fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ láti ẹ̀yìn ọmọ náà, lápá ìbàdí. Omi yìí máa ń mọ́ gaara lára ẹni tára rẹ̀ dá. Bó bá ti dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì, wọn kì í dúró de èsì àyẹ̀wò kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀.

Ní 1963, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, L. Lapeyssonnie, tọ́ka sí ilẹ̀ gbígbẹ tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà gẹ́gẹ́ bí ibùdó àrùn náà. Inú rẹ̀ ni Sókótó wà. Àmọ́ Zaria ni púpọ̀ nínú ìwádìí lórí ìtọ́jú rẹ̀ ti wáyé. Brian Greenwood, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, lo nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ní Yunifásítì Ahmadu Bello tó wà ní Zaria láti 1970. Àjàkálẹ̀ ńlá bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1977. Pẹnisílíìnì ń pa kòkòrò náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgúntúngún ni, lójoojúmọ́, fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí aláìsàn bá ti kún yàrá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, nọ́ọ̀sì wo ni yóò ká gbogbo wọn? Ní 1979, S. S. Wali, Greenwood àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ èsì ìwádìí wọn jáde. Oògùn chloramphenicol olóròóró, tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣe iṣẹ́ tí pẹnisílíìnì ń ṣe, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì gún un. Ohun tí nọ́ọ̀sì kan lè ṣe lábúlé nìyẹn, kó sì kọjú sí ẹlòmíràn. Òun ni wọ́n ń lò nígbà àjàkálẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ìwádìí kan láti orílẹ̀-èdè Niger, tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet tẹ̀ ní 2005, fi hàn pé oògùn ceftriaxone ẹlẹ́ẹ̀kan náà ṣe é bákan náà.

Àjẹsára ló tún wá yí ọ̀rọ̀ padà. MenAfriVac, tí iye owó ẹyọ rẹ̀ kò tó ìdajì dọ́là kan nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ní Burkina Faso ní 2010, ó dé Nàìjíríà ní 2011, oríṣi A kòkòrò náà, tó ń fa àjàkálẹ̀ tẹ́lẹ̀, sì pòórá. Kò pẹ́ tí òmíràn fi gba ipò rẹ̀. Ní 2013, oríṣi C tuntun kan yọjú ní Sókótó, ó dé Kebbi lọ́dún kejì, MenAfriVac kò sì ká a. Ní 2017, Zamfara àti Sókótó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí àjàkálẹ̀ náà ti jà jù: ó lé ní 14,000 èèyàn tí wọ́n fura sí pé wọ́n kó o ní Nàìjíríà, ó lé ní 1,100 tó kú. Ní 2024 ni Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ lágbàáyé tó lo Men5CV, tó ń dènà oríṣi márùn-ún, C wà lára wọn.

Ìwé ìròyìn àjàkálẹ̀ máa ń ka ẹni tó ṣàìsàn àti ẹni tó kú. Ibẹ̀ ló sábà máa ń parí sí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ dókítà ọpọlọ ọmọdé ti ń bẹ̀rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ẹnì kan nínú márùn-ún tó bá yè é ni àbùkù máa ń kù lára rẹ̀. Òmíràn á dití, wárápá á mú òmíràn, ẹsẹ̀ òmíràn kò ní gbé e mọ́. Ọmọ ọdún méjì tó dití kò lè sọ ọ́. Àwọn òbí á kàn rí i pé kò dáhùn mọ́ tí wọ́n bá pè é, wọ́n sì lè pè é ní olórí kunkun. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò etí fi yẹ kó ṣáájú ìwé tí wọ́n fi ń dá ọmọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ní ti ọmọ tí omi ń kó jọ sí lórí, oníṣẹ́ abẹ lè fi rọ́bà tín-ín-rín darí omi náà sínú ikùn. Ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ tó wà fún agbègbè náà wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Usmanu Danfodiyo, ní Sókótó.