Wúrà Pupa tí ń Jẹ́rìí Ibà

Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ tẹ́rùn ní Ajuwọ̀n, tí omi dá sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí ẹ̀fọn sì gba òru mọ́ ọmọ aráyé lọ́wọ́, àwọn ilé ìwòsàn àti kẹ́míìsì láti ibẹ̀ dé Mowe àti Ibafo a máa kán ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sínú ike pélébé funfun kan láti fi yẹ ibà wò, ìlà pupa a sì yọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀jẹ̀ náà ló pọ́n bẹ́ẹ̀. Wúrà ni, nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù.

Kì í ṣe wúrà dídán tí ìyàwó ń fi sọ́rùn, bí kò ṣe ẹ̀rún wúrà tí ó kéré débi pé, bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, nǹkan bí 40 nínú ìpín wọ̀nyí ni fífẹ̀ ẹyọ kan. Bí abẹ́rẹ́ sì ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ: bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ tí ń rìn fàlàlà a jùmọ̀ máa mì síwá sẹ́yìn, wọn a gba ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé sínú, pupa a sì ṣẹ́kù fún ojú. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Michael Faraday fi omi wúrà pupa han àwọn ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1857. Gustav Mie ará Jámánì ṣírò ìdí rẹ̀ ní 1908. Nítòsí wa, ní yunifásítì LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, Agbaje Lateef àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi èèpo obì àti òwú aláǹtakùn ṣe ẹ̀rún fàdákà, tí òun náà ń fa àwọ̀ yọ bíi ti wúrà, wọ́n sì mọ̀ pé ó ti jinná nígbà tí omi náà yí àwọ̀ padà.

Ibùjókòó ẹ̀rún wúrà pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ sọ. Gíláàsì, bébà àti ike kì í jẹ́ kí iná mànàmáná gba inú wọn kọjá, síbẹ̀ wọn a máa dá wúrà tó jókòó lé wọn lóhùn: wọn a dín agbára tí ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù padà sípò kù, mímì náà a falẹ̀ díẹ̀, àwọ̀ tí ó ń gbà sínú a sì sún sí ìhà pupa. Bí ẹ̀rún bá fara kanra, pupa a di aró. Nítorí náà ni a ṣe ń fi èròjà agbógunti-àrùn bo ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí ń yà wọ́n sọ́tọ̀, tí ó sì ń di ohun tí kòkòrò ibà tú sínú ẹ̀jẹ̀ mú títí wọn yóò fi dúró jọ síbi ìlà àyẹ̀wò tí a kọ T sí.

Ẹ ka àbájáde àyẹ̀wò náà láàárín àkókò tí a kọ sára páálí. Bí ìlà C, tí ń fi hàn pé àyẹ̀wò ṣiṣẹ́, kò bá yọ, àyẹ̀wò náà ti bàjẹ́, ẹ lo òmíràn. Ṣùgbọ́n bí C bá yọ, ìlà T tó hàn fẹ́ẹ́rẹ́ pàápàá, ibà ni kí ẹ kà á sí.